Ọwọ́ Tó Gbé Pirinsẹ́ẹ̀sì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kí mi kú ewu iṣẹ́ abẹ, ẹ ṣé o. Kí ẹ tó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti ń gbé mì láti bí ọdún méjì. Dókítà la ikùn mi, ó sì rán an padà. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé wọ́n rán òtítọ́ yìí mọ́ mi nínú. Abigail, àbúrò mi, jókòó. Mùílì, aládùúgbò mi, má dìde lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ ni.

Ní 1987, Abigail, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Ìbàdàn. Ó gbé abo ajá òyìnbó rẹ̀, Ẹ̀bùn, wá sọ́dọ̀ mi ní Ọ̀yọ́. "Bùọ̀dá mi," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí akọ sún mọ́ ọn. Ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ kó gbó, kí dókítà ẹran sì yẹ̀ ẹ́ wò ná." Mo ní, "Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́?" Èmi tíṣà báyọ́lọ́jì!

Kò pẹ́ tí mo fi pa orúkọ rẹ̀ dà sí Pirinsẹ́ẹ̀sì. Lírọ̀lẹ́, mà á de táì, mà á fà á gba iwájú ọjà Akẹ̀sán, mà á máa bá a sọ òyìnbó tí mi ò jẹ́ bá ìyàwó mi sọ. Wọ́n á ní, "Tíṣà, ṣé ajá yín ti gba sátífíkéètì?" Mo rò pé ìyìn ni. Lọ́jọ́ kan, mo fọ́nnu nínú ẹgbẹ́ wa pé mo ti di ẹni tó ń sin ajá òyìnbó, pé kí Kérésì tó dé, alága á gba ọmọ ajá lọ́wọ́ mi. Ìlérí ti délẹ̀. Ó ku ọmọ ajá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Pirinsẹ́ẹ̀sì wá akọ, mo yá akọ ajá ràgàjì kan, mo ti àwọn méjèèjì mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ara rẹ̀ lè gbà á. Òmùgọ̀ tó kàwé ò kéré.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló rọbí. Ọmọ há sí i nínú. Ó ń gbọ̀n; èmi kàn dúró tì í, tòun ti táì lọ́rùn. Mùílì télọ̀, tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí nínú agbádá funfun, gbọ́ igbe rẹ̀. "Tíṣà, kí lẹ dúró ń wò? Ó ń kú lọ!" Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń lọ kírun kì í fọwọ́ kan ajá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà títí dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Wọ́n la inú rẹ̀. Ọmọ kankan ò yè, wọ́n yọ ilé-ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun yè. Mùílì padà sílé, ó fi yẹ̀pẹ̀ àti omi fọ ara rẹ̀ léraléra. Ìrun Jímọ̀ ti kọjá. Kò bú mi.

Ibi tó burú jù rèé. Abigail dé, ó rí àpá náà, ó figbe ta: "Bùọ̀dá, ta ló ṣe èyí?" Ahọ́n mi tó fẹ́ràn òyìnbó purọ́ ní Yorùbá tó já gaara: "Mùílì ló ṣí géètì sílẹ̀, tí ajá ìgboro fi wọlé." Mùílì dúró síbẹ̀. Ó wò mí. Mo wo bàtà mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, màdáámù." Abigail sì gba iṣẹ́ rírán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, tó ti ń gbé fún Mùílì tẹ́lẹ̀, kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tó fi ń bọ́ Marufat ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ. Nígbà tí mo bi Mùílì pé kí ló dé tó fi dákẹ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ mi ní ìwé kíkà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dójú tì yín níwájú àbúrò yín?"

Lóṣù tó kọjá, ìfun mi lọ́ pọ̀. Mùílì yìí kan náà ló gbé mi mọ́ àyà, tó gbé mi wọ mọ́tò dé ilé-ìwòsàn l'Ógbómọ̀ṣọ́.

Abigail, mo bẹ̀ ọ́, dá iṣẹ́ aṣọ padà fún un. Èmi ni kí o bínú sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ajá sísìn, ẹ jẹ́ kí abo gbó, kí dókítà yẹ takọtabo wò, ẹ má sì ṣèlérí ọmọ tí kò tíì sí nínú oyún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀bùn, tó ṣì ń ju ìrù sí mi. Mùílì, ọpẹ́ tìrẹ ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dá. Nígbà tí o gbé ajá, o fi yẹ̀pẹ̀ wẹ̀. Nígbà tí o gbé èmi, o ò tiẹ̀ fọwọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara tèmi gan-an ni ẹ̀gbin wà. Dárí jì mí.