Ẹnjiníà Bá Wa Kó Ohùn Màmá Pamọ́

Ẹ má sọ pé kí n jókòó, Àǹtí mi, mi ò jókòó! Ọkọ yín dà? Ẹnjiníà dà? Ó jáde? Ó máa jáde ni! Bí èmi náà bá ṣe irú iṣẹ́ tó ṣe yẹn, mi ò ní dúró sílé de ẹnikẹ́ni. Ẹnjiníà! Ẹnjiníà tó jẹ́ pé fáànù tó tún ṣe sórí wa nínú pálọ̀ yìí, ooru ló ń fẹ́!

Kí n rọra, aládùúgbò ń gbọ́? Kí wọ́n gbọ́! Èmi ṣì ní ohùn tí wọ́n lè gbọ́. Màmá ńkọ́? Màmá rèé lórí àga, wọ́n káwọ́ gbera, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n dá yín lóhùn! Látọjọ́ tí dókítà ti yọ gògóńgò wọn, gbogbo ohùn ìyá tó bí èmi àtẹ̀yin, inú kọ̀ǹpútà yẹn ló wà, kò síbòmíràn.

Ẹ ò gbàgbé ọjọ́ tá a gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. A ní kí wọ́n sọ "ẹ káàárọ̀," kí wọ́n sọ "ẹ ṣeun." Wọ́n ní kí làwọn fẹ́ fi ẹ ṣeun ṣe? Wọ́n ní èébú ni ká kọ́kọ́ gbà, pé òun làwọn máa ń lò jù! "Ta ló ṣílẹ̀kùn yẹn sílẹ̀?" "Gbẹ́sẹ̀ ẹ kúrò lórí àga mi!" "Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ nìyẹn?" Àní nọ́ọ̀sì tó wọlé wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbàgbé ohun tó wá ṣe.

Èmi ni mo to gbogbo ẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, ní àwòrán kéékèèké, kí Màmá lè máa fi ìka kan ṣoṣo tẹ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ilé á gba èébú, ayé ń lọ. Àfìgbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Màmá á tẹ èébú láàárọ̀, ẹni tí wọ́n ń bú á ti débi iṣẹ́ kó tó dún.

Lọkọ yín bá ní kò sí wàhálà, òun á nu gbogbo inú ẹ̀ nù, òun á fi ètò tuntun sí i. Mo ní ó dáa, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kó ohùn Màmá pamọ́. Mo kúnlẹ̀ sọ ọ́ o! Mo ra díráìfù tuntun tó máa kó o sí, mo fi lé e lọ́wọ́. Ẹ sì mọ ohun tó fi dá mi lóhùn? "Àbúrò, ta lò ń kọ́?" Ó ní fláàṣì tó wà lára kọ́kọ́rọ́ òun ti tó. Díráìfù mi nìyí, ẹ wò ó, kò jáde nínú ọ̀rá ẹ̀! Ife tíì ló gbé lé e. Ẹ ò rí àmì ìdí ife yẹn ni?

Kí ni? Kí n máa pè é ní "wọ́n"? Ó dáa, Àǹtí mi, wọ́n! Torí orí ẹnìkan ṣoṣo ò lè dá gba gbogbo àìmọ̀kan yẹn!

Ká tó ṣẹ́jú, wọ́n ní àwọn ti kó o tán. Mo ní kíá báyìí? Wọ́n ní ọwọ́ àwọn yá. Ṣíọ̀! Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n kó, àwọn tó lọ́fà kékeré lẹ́sẹ̀, tó kàn ń júwe ibi tí ohùn gan-an wà nínú lọ́hùn-ún! Ẹ gbọ́ mi o: ẹni tó fẹ́ kó lọ sílé tuntun, ló yọ nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn, ló fi sápò, ló dáná sunlé! Ó wá dé ilé tuntun, ó kan nọ́ńbà mọ́ ògiri, ó ń wá bẹ́ẹ̀dì!

Wọ́n nu inú kọ̀ǹpútà nù tán, wọ́n dá àwọn àwòrán yẹn padà sójú ẹ̀, orúkọ ara wọn pé o, kò dín. Màmá tẹ "Ẹ káàárọ̀." Kò dún. Wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n rò pé ìka àwọn ni ò lágbára, wọ́n bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Àǹtí mi, àtàǹpàkò! Wọ́n wá ń wo ojú mi.

Mo gbé e sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn atúnkọ̀ǹpútà-ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ mi. Wọ́n ní ètò tuntun ti gorí gbogbo ẹ̀, kò sóhun táwọn lè rí yọ.

Ọkàn rere ló fi ṣe é? Ẹ fọkàn rere sínú àwo, kẹ́ ẹ gbé e fún Màmá, ká wò ó bóyá á fọhùn! Á wá nǹkan ṣe sí i? Ó ti sọ fún mi! Ó ní òun á bá wa wá ohùn obìnrin kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ó já gaara. Ohùn ẹni tó ń kéde ọkọ̀ òfuurufú! Òun ni Màmá á máa fi bú àwọn ọmọ-ọmọ wọn! Láyé ńbí? Mo ní láyé…

Ẹ dákẹ́. Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló ń sọ̀rọ̀ nínú báàgì mi?

"Ẹnjiníà! Kí lo tún bà jẹ́?"

Hẹ̀n? Ohùn Màmá! Fóònù mi ni! Ọkọ yín ló ń pè! Yéè, mo ti gbàgbé pátápátá, èébú tí Màmá fi ṣẹ̀fẹ̀ sí i lọ́jọ́ tá a gba ohùn wọn sílẹ̀, mo fi sórí fóònù kó máa dún bó bá pè mí, àfi bó ṣe jẹ́ pé kì í pè, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló ń… Ẹ yọwọ́! Àǹtí, ẹ má gbé e! Bẹ́ ẹ bá gbé e, ó máa dákẹ́! Ẹ jẹ́ kó dún!

"Ẹnjiníà! Kí lo tún bà jẹ́?"

Ẹ wo Màmá! Ẹ wo èjìká wọn bó ṣe ń gbọ̀n! Ẹ̀rín ni, Àǹtí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Yéè, inú mi o! Kí lo tún bà jẹ́! Ọlọ́run ò!

Hà, ó ti gé e. Níbo ni fóònù tiyín wà? Ẹ pè é. Ẹ má bá a jà, ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ kàn ní kó tún pè mí. Kó máa pè mí. Kó má jẹun o, kó máa pè!