Ààlè Tí Mo So Mọ́ Igi Ìyeyè

Ẹ̀yin ará ilé olówó pọ́ọ́kú tó wà létí rélùwéè, ẹ dúró ná. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi orúkọ mi, Àdìkẹ́, sọ ọ̀nà eléwéko wa, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn igi tó mi. Orí mi wú, mo tilẹ̀ jó nínú yàrá. Bí mo ṣe jókòó báyìí ni àyà mi já. Ẹ mú orúkọ mi kúrò níbẹ̀, ẹ ò mọ ohun tí mo ṣe. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, síbẹ̀ èmi fúnra mi ni màá kọ ọ́, kí n má baà gbé e wọ sàréè.

Igi ìyeyè tó wà láàrin ọ̀nà yẹn, abẹ́ ẹ̀ ni Jacob ọkọ mi ti kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Rélùwéè ló ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ Ọ̀fà ìgbà yẹn! Tí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè lókèèrè, gbogbo àwa ọlọ́jà á gbé igbá karí, a ó máa sáré, a ó máa rẹ́rìn-ín. Jacob á ṣí fìlà, á wá bá mi lábẹ́ igi, òdòdó ìyeyè á máa já lù wá, oyin á máa kùn. "Àdìkẹ́, má lé wọn, ẹlẹ́rìí wa ni wọ́n." Ọjọ́ náà ni mo dá orin yìí sílẹ̀:

Oyin, kùn yìn-ìn, má ta mí,
Àfẹ́sọ́nà mi ni mo wá rí;
Ìyeyè, rọ òjò òdòdó,
Kí n fi ṣẹ̀ṣọ́ relé ọkọ.

Jacob ti lọ. Igi dúró.

Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ kọ́lé fún àwa tí ò rí já jẹ, Ẹnjiníà Ọlábámijí kó wa jọ. Ó ní òun máa la ọ̀nà igi àti òdòdó láàrin àwọn ilé, láti etí rélùwéè dé odò, kò ní já níbì kankan, kí oyin àti labalábá lè máa gbà á bí àwa náà ṣe ń gbà á. Inú mi dùn, àfi ìgbà tó nawọ́ sí ìyeyè mi: "Mama, èyí nìkan la máa gé. Ibẹ̀ ni ilé Àmínát bọ́ sí. A máa gbin òmíràn."

Òmíràn kẹ̀! Ṣé wọ́n ń gbin Jacob mìíràn ni?

Àmínát yìí, opó ni, aránṣọ, ọlọ́mọ mẹ́ta. Yàrá tó háyà ń jò. Mo mọ̀ o, ẹ má jẹ́ n tan yín, mo mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé, mo so ààlè mọ́ igi náà: ṣúkù àgbàdo, àkísà pupa, àti àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà Jacob. Èmi, ọmọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ! Orin ìsìn ni mo sì ń kọ bí mo ṣe ń ta kókó. Kò sí oògùn kankan nínú ẹ̀, èmi náà ni mo jẹ àgbàdo ọ̀hún. Bí Jímọ̀ tó fẹ́ gé igi ṣe rí i, ó sọ àáké sílẹ̀: "Ẹnjiníà, ẹ wá gé e fúnra yín. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ!" Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Àmínát tó nilé sọ̀rọ̀. Tó bá ti ní kí wọ́n gé e, òun á wá ẹlòmíràn.

Ẹ̀ṣẹ̀ gan-an rèé. Ọ̀dọ̀ mi ni Àmínát sá wá, ó kúnlẹ̀. "Mama, ẹ̀yin làgbà. Ṣé kí n ní kí wọ́n tú ààlè yẹn?" Ó gbẹ́kẹ̀ lé mi. Ká ní mo rẹ́rìn-ín lásán ni, ì bá tán síbẹ̀. Mo wò ó lójú, mo ní: "Tú u. Ṣùgbọ́n ka àwọn ọmọ ẹ lálẹ́, kí o tún wọn kà láàárọ̀."

Ó dìde, ó lọ dá ilé padà. Gbogbo àwọn ilé tó kù ti ní onílé, ló bá kó ọmọ lọ sí Ojoku, sẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ọ̀nà wá gba abẹ́ ìyeyè, oyin kún ibẹ̀, ẹ̀yin sì ń ṣàdúrà fún ẹni tó so ààlè. Èmi náà ń ṣe àmín. Ìkà ni mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá Àmínát ní Ojoku, mo kúnlẹ̀ fún ọmọdé, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo so ààlè tí kò lóògùn yẹn. "Mama, ṣúkù tí ẹ jẹ ni?" "Èmi ni mo jẹ ẹ́." Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ẹkún. "Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò tíì ṣíwọ́ kíkà wọ́n? Láràárọ̀, Mama. Láràárọ̀."

Mo ní kó wá gba ilé mi, pálọ̀ tó mi. Ó ní, "Mi ò tíì forí jì yín o. Ṣùgbọ́n màá wá."

Wọ́n ti dé. Ariwo ọmọ kún ilé, inú mi ń dùn bíi ti ìyàwó tuntun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹ bá fẹ́ràn nǹkan, ẹ la ẹnu yín bẹ̀bẹ̀ fún un. Èmi ò bẹ Ẹnjiníà rí, bóyá ì bá yẹ ilé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fi ọmọ dẹ́rù ba abiyamọ láéláé. Ẹ forí jì mí, ẹ sì bá mi bẹ Àmínát. Orin lèmi fi ń bẹ̀ ẹ́: "Màmá ọmọ, yọ́nú, àgbà náà ń ṣìnà." Ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí mi. Ṣùgbọ́n lánàá, bó ṣe ń wa máṣíìnì, mo dákẹ́ láàrin orin kí n mí. Mo gbọ́ tó gbè é.