Ohun Tí Fábíyìí Ṣe sí Festus ní Ìpakodò

Òtítọ́ tí Fábíyìí ti gbé mì fún odidi ọdún mẹ́rin kọ̀ láti dúró sínú rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì Rere ọdún 2007, lójú títì ní Ẹ̀pẹ́, níwájú gbogbo ìjọ. Òun ló ń ka Ipa Ọ̀nà Àgbélébùú fún wọn. Wọ́n ti kúnlẹ̀ sórí iyanrìn ní ibùdó kẹrin, níbi tí Jésù ti pàdé ìyá rẹ̀. Fábíyìí gbójú sókè láti kàwé, ó rí Màmá Morádéyọ̀ tó di igi àgbélébùú mú níwájú, ó sì pa ìwé náà dé.

"Máa kà á lọ, Fábíyìí," ni Fadá wí.

"Fadá, mi ò lè kà á. Èmi ni mo pa Festus, ọmọ màmá yìí."

Fábíyìí bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kóun sọ ọ́ tán kí ẹ̀rù tó tún mú òun.

"Ìpakodò n'Ìkòròdú la ti jọ ń wa ọkọ̀ ojú omi. Mo jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ alága ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ wa, Alájì Kàmọ́rù, mo sì tà á. Festus rí mi. Kò pariwo mi o. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, 'Bọ̀dá Fábíyìí, ẹ wá bí ẹ ó ṣe dá a padà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dójú tì yín.' Àánú mi ló ń ṣe é! Èmi ẹranko, ṣe ni mo nawọ́ sí i, mo figbe ta: 'Olè rè é o! Òun ló gbé ẹ́ńjìnnì!'"

Ó sọ bí èrò ṣe ya bo Festus. Wọ́n fi pákó nà án, wọ́n fi okùn ọkọ̀ na ẹ̀yìn rẹ̀ títí ẹ̀wù fi lẹ̀ mọ́ ẹran ara. Ó ṣubú, wọ́n gbé e dìde, wọ́n tún là á mọ́lẹ̀. Eyín rẹ̀ méjì já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Fábíyìí ni Festus ń pè: "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi sọ fún wọn!"

Ìgbà náà ni Alájì Kàmọ́rù la àárín èrò kọjá. "Ẹ dáwọ́ dúró! Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu ẹ̀."

Gbogbo ọwọ́ rọlẹ̀. Festus fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ sókè, ó nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu.

"Wọn ì bá dá a sílẹ̀," Fábíyìí wí. "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé àjẹ̀, mo là á mọ́ ọn lẹ́nu kó má baà sọ̀rọ̀. Mo tún là á mọ́ ọn lórí. Kò sọ̀rọ̀ mọ́." Ó yíjú sí ìyá náà. "Màmá, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé ìjọ yìí ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀. Ẹ ń bu oúnjẹ fún mi, mo sì ń jẹ ẹ́."

Ìgbájú àkọ́kọ́ ba etí rẹ̀. Ẹnìkan fi ẹsẹ̀ gbá a nínú, àwọn mìíràn ń wá òkúta. "Ẹ pa á!"

"Ẹ má lù ú!" Màmá Morádéyọ̀ ti dúró tì í lórí. "Èjìnrìn ni wọ́n ti ń pè mí ní ìyá olè tí mo fi sá wá síbí. Mo nílò ẹnu ẹ̀. Dìde, ìwọ. Wọ́n ń ná ọjà níbẹ̀ lónìí."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n mú un dé Èjìnrìn. Ọlọ́pàá méjì tí Fadá ránṣẹ́ pè dúró dè é létí ọjà. Fábíyìí kúnlẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́jà, ètè rẹ̀ ti wú, ó ní Festus kò jalè rí, pé òun ni olè, òun náà ni apànìyàn. Ó dì mọ́ ẹsẹ̀ ìyá náà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Màmá Morádéyọ̀ wo ìsàlẹ̀ ọjà, ó ní, "Tún un sọ. Àwọn tó wà nídìí ẹja ò gbọ́."