Tíṣà Tó Fẹ́ Sanwó Lójú Ẹsẹ̀

Mo ń yan áńkárá ní ìsọ̀ kan nítòsí réluwé Ọ̀fà, nígbà tí ogún náírà ṣì ń ra aṣọ, ni tíṣà obìnrin kan láti Ìjàgbò bá na owó aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sí Alhaja tó ni ìsọ̀.

Alhaja ò gbà á. "Owó kí nìyí? Oṣù ò tíì parí."

"Owó aṣọ ni, mà. Mi ò ra àwìn mọ́."

"Háà! Kí ni mo ṣe fún ọ? Àbí ẹnìkan ti sọ̀rọ̀ mi fún ọ?"

"Rárá o, mà. Aṣọ ọdún iléyá ti gbó, mo ṣì ń san owó rẹ̀."

"Ta ló lé ọ? Ọdún mẹ́fà la ti ń bá a bọ̀, o wá fẹ́ sanwó fún mi bí ẹni tí a ò mọ̀ rí!"

Gbólóhùn yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ Alhaja ò rẹ́rìn-ín. Ìka méjì ló fi gba owó náà. Ó tú àpò rẹ̀ wò.

"Mi ò ní ṣénjì. Máa lọ, kí o wá gbà á lọ́la."

Tíṣà fa àpótí, ó jókòó.

"Ẹ jẹ́ n dúró, mà. Bí àwìn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."