Èmi Ni Mo Da Ajílẹ̀ Sídìí Òdòdó Náà

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín o. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá tó bí mi. Ǹ bá má sọ ọ́ láéláé, bí kì í bá ṣe ti ọmọbìnrin kan tó pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ń sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi. Tí ẹ bá sì fẹ́ bú mi lẹ́yìn náà, ẹ bú mi. Ara mi ti le.

Calgary ní Kánádà ni à ń gbé, ilé wa kò jìnnà sí Sunridge. Ẹnjiníà ni ọkọ mi, iṣẹ́ páìpù epo ló ń ṣe. Nọ́ọ̀sì lèmi nígbà tí mo wà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibí, wọ́n ní àfi kí n tún ìdánwò ṣe. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń tọ́jú àwọn arúgbó, tí mò ń pààrọ̀ ìlédìí wọn, tí mo sì ń kàwé. Ó wá ku ìdánwò kan ṣoṣo.

Ìgbà yẹn ni owó epo já wálẹ̀. Ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ ni wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró níbi iṣẹ́ ọkọ mi, ó sì kan òun náà. Oṣù mẹ́jọ ló fi kọ ìwé kiri, kò rí iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó wá sọ pé òun ti bá a rí iṣẹ́ kan, kó máa kó ìyàwó àtọmọ bọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkọ mi ṣe. Òdòdó kan wà lẹ́yìn ilé wa, irú èyí tó máa ń fà gun ọgbà, tí àwọn ará ibí ń pè ní clematis. Ẹni tó ta ilé fún wa ló gbìn ín. Nígbà tí snow ọdún náà yọ́ tán, ó ti gbẹ, ó rí bí okùn tí wọ́n jù nù. Ọkọ mi dúró níwájú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Mummy Ìní, I've told God," ó ní. "Bí òkú nǹkan yìí bá fi lè yọ òdòdó before the end of July, a ò lọ mọ́, God wants us here. Bí kò bá yọ, ká ta ilé, ká máa lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e yẹ̀wò. Òdòdó ni ọkọ mi bi. Kò bi mí. Èmi tó ku ìdánwò kan fún, kò wo ojú mi kó ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́?"

Ohun tí kò mọ̀ ni pé òdòdó yẹn ò kú. Tíṣà àgíríkì ni bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, inú oko ilé ẹ̀kọ́ ni mo dàgbà sí. Mo fi èékánná ha á nídìí, mo sì rí i pé abẹ́ èèpo rẹ̀ ṣì tutù. Ọkọ mi mọ̀wé, ó mọ páìpù, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé nǹkan tó sùn yàtọ̀ sí nǹkan tó kú. Ǹ bá ti sọ fún un. Ìbínú ni ò jẹ́ kí n sọ, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n pé ó wà láàyè kọ́ ni pé yóò yọ òdòdó. Ewé lásán ló ṣe lọ́dún tó ṣáájú, torí ajílẹ̀ tí ọkọ mi ń fọ́n sí koríko ló ń dé ìdí rẹ̀. Ewé ni ajílẹ̀ koríko mọ̀. Mo lọ ra èyí tí wọ́n ṣe fún tòmátì. Ọjọ́rú ni ọkọ mi máa ń wọ train lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Beltline, kó lè bá àwọn tí wọ́n dá dúró bíi tirẹ̀ gbàdúrà. Bó bá ti jáde, mà á po ajílẹ̀ mọ́ omi, mà á rọra dà á sídìí òdòdó. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mò ń ṣe é.

Ọjọ́ kan, Ìní ọmọ wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ká mi mọ́bẹ̀.

"Mommy, what are you giving it?"

"Omi ni."

"But it's blue."

"Wọlé lọ, jàre. Ṣé o ti ṣe homework ẹ?"

Ó wọlé. Kò bi mí mọ́, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Keje, òdòdó yọ. Kì í ṣe kékeré o. Elésè-àlùkò ni, ìkọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó bo ọgbà látòkè délẹ̀. Ọkọ mi kúnlẹ̀ sórí koríko, ó sunkún bí ọmọdé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí.

Ó kọ iṣẹ́ Èkó. Ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Pásítọ̀ wá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Mummy Ìní, ṣé lóòótọ́ nobody touched it?" Gbogbo ìjọ ń wò mí. Mo ní, "Lóòótọ́ ni, sà."

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ajílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Mo yege ìdánwò mi lóṣù Kọkànlá. Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí. Iṣẹ́ mi la fi jẹun títí ọkọ mi fi rí òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ti àtijọ́. Bí ẹ bá ní kí n kábàámọ̀, mi ò kábàámọ̀. Ẹni tí kò fẹ́ kí ìyàwó òun dọ́gbọ́n lẹ́yìn òun, kó bi í léèrè lójúkojú.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ọdọọdún ni mò ń da ajílẹ̀. Bí oṣù Keje bá dé, ọkọ mi a gbé ife tíì rẹ̀ lọ síwájú òdòdó láràárọ̀, a dúpẹ́. Bí kò bá wá yọ lọ́dún kan ńkọ́? Mi ò lè sinmi.

Ó tún wá ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kúnlé, ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé ní Chestermere, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nígbà òtútù. Ó ra clematis, ó gbìn ín, ó ní bí kò bá yọ kí oṣù Kẹjọ tó parí, Nàìjíríà yá. Ìyàwó rẹ̀, Bùkọ́lá, ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Òun ló pè mí.

"Aunty, leaves lásán ló ń yọ o. Kúnlé ti ń wo flight. Mo ní mi ò fẹ́ lọ, ó ní kì í ṣe èmi lòun ń bi, God lòun ń bi. Uncle náà ní kí n ṣáà ní faith."

Òdòdó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kì í sábà yọ lọ́dún àkọ́kọ́, gbòǹgbò ló kọ́kọ́ ń ta. Bàbá mi ìbá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Kí n sọ òótọ́? Kì í ṣe ìbínú ọkọ mi ni mò ń bẹ̀rù, a ti jà rí. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kò ní rò pé ìyàwó òun ló tan òun jẹ. Yóò rò pé Ọlọ́run ò dá òun lóhùn rárá. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Mi ò tọrọ àforíjì pé mo fún nǹkan tí ebi ń pa lóúnjẹ. Bùkọ́lá ni mò ń bẹ̀, torí "Lóòótọ́ ni, sà" tí mo sọ lọ́jọ́ náà ló ti dé ẹ̀yìn ilé tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ọkọ mi ń lọ kí wọn ní Chestermere. Àpò ajílẹ̀ ti wà nínú búùtù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ṣé kí n tún dúró dìgbà tí ẹnikẹ́ni ò wo ẹ̀yìn ilé, àbí kí n gbé àpò náà ka orí tábìlì, láàárín àwọn ọkùnrin méjèèjì, kí n ní ó yá, ẹ bi wá léèrè?