Ẹni Tó Gbé Ọmọ Kúrò Níbi Tí Ìyá Rẹ̀ Tẹ́ Ẹ Sí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Fáyọ̀kẹ́ ti pinnu pé òun yóò gbé wọ sàárè, kí etí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ láéláé. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, tí ó na ọmọ tuntun jòjòló sí i, tí ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbà á, kí ó máa gbé e sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, obìnrin àgbà náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní dé sàárè mọ́. Ó gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọmọ kejì má baà bá ọ̀nà tí àkọ́kọ́ bá lọ.

Ilé Fámúyìwá, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló ń gbé ní Ifangni nílẹ̀ Benin, létí ọ̀nà tó lọ sí Igolo. Iṣẹ́ ilé mímọ ni Fámúyìwá ń ṣe, ó sì máa ń lọ mọlé títí dé Banigbé. Agbẹ̀bí ni Ọlájùmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, ní ilé ìwòsàn kékeré kan nínú ìlú. Jùmọ̀kẹ́ kì í ṣe aláìgbọràn. Ó ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń bá a ru ẹyìn, ó ń bá a fún epo lọ́jọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó bí Fáyọ̀kẹ́ nínú sí i ni ọ̀rọ̀ ibi tí ọmọ yóò máa sùn.

Nígbà tí oyún àkọ́kọ́ dàgbà, Jùmọ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bẹ́ẹ̀dì kékeré tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Wọ́n jọ lọ sí Igolo, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù ilẹ̀ òkèèrè. Fáyọ̀kẹ́ rí ọ̀kan tí wọ́n ya ẹyẹ sí lára, ó sì wọ̀ ọ́ lójú. Jùmọ̀kẹ́ mì í, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà ń gbọ̀n. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ẹ̀gbẹ́ náà já wálẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Wọ́n rí òmíràn tó kún fún ìrọ̀rí àti fóòmù rírọ̀. Ó ní ohun tó bá rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè bo imú ọmọ, wọ́n sì kọjá. Níkẹyìn, ó mú agolo mílíìkì tó ti ṣófo, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Moubarak, gbẹ́nàgbẹ́nà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àlàfo àárín igi kan sí èkejì gba agolo yìí kọjá, kí orí ọmọ má baà há síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tìmùtìmù rẹ̀ le, kí ó sì kún inú rẹ̀ gééré."

Nígbà tí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì náà délé, tí wọ́n so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì tọkọtìyàwó pinpin, Fáyọ̀kẹ́ wo inú rẹ̀ títí. "Ìrọ̀rí ọmọ ńkọ́?"

"Ìyá, kò nílò ìrọ̀rí."

"Kí ló burú nínú kí ọmọ sùn ti ìyá rẹ̀? Ẹ̀gbẹ́ mi níbí ni gbogbo ọmọ mi sùn sí."

"A dúpẹ́ pé wọ́n yè, Ìyá. Ṣùgbọ́n a máa ń rí i níbi iṣẹ́ wa. Oorun á gbé àgbàlagbà lọ, kò ní mọ̀ pé òun ti tẹ ọmọ mọ́lẹ̀. Níbi tí a gbé e sí yìí, ọwọ́ mi á tó o, ara mi ò ní tẹ̀ ẹ́."

Fáyọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há a láyà. Ọmọ àná lásánlàsàn ló fẹ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọmọ!

Wọ́n bí ọmọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ọmọ́táyọ̀. Kò tíì mọ bí a ṣe ń jókòó tí ó fi kú, lọ́sàn-án gangan, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Inú bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ìyá rẹ̀ ti bá a, ó dojú dé, aṣọ bò ó. Fámúyìwá fi àáké fọ́ bẹ́ẹ̀dì náà wẹ́wẹ́, kò sì bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí òjò fi dé. Kò sẹ́ni tó pe Jùmọ̀kẹ́ ní Ìyá Táyọ̀ mọ́. Nígbà tí ó padà síbi iṣẹ́, tí ó bá ń kọ́ àwọn abiyamọ, tí ó bá dé ibi tí ó ti yẹ kí ó sọ bí ọmọ ṣe ń sùn, yóò fò ó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn rẹ̀: "Ẹni tó ti ọmọ tirẹ̀ mọ́ inú àpótí." Àwọn tó ti ní kí Moubarak bá àwọn ṣe irú bẹ́ẹ̀dì náà ní àwọn kò ṣe mọ́, wọ́n ní pósí ọmọdé ló ń kàn. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ lójú Fáyọ̀kẹ́. Òun ló ń se ọbẹ̀ gbígbóná fún Jùmọ̀kẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ lẹ́nu, àwọn aládùúgbò sì ń sọ pé irú ìyá ọkọ rere báyìí ṣọ̀wọ́n. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, yóò dìde kúrò níbẹ̀.

Ọdún kọjá kí Jùmọ̀kẹ́ tó tún lóyún. Ó bí obìnrin, Àyọ̀kẹ́. Fámúyìwá ní bẹ́ẹ̀dì ọmọ kankan kò ní wọ ilé òun mọ́. Àárín àwọn méjèèjì ni ọmọ ń sùn sí, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ pa ojú dé. Ó rù, ojú rẹ̀ jìn. Ìgbà tí agbára rẹ̀ pin ló wá kúnlẹ̀ níwájú Fáyọ̀kẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Ìyá, ẹ gbà á. Ẹ máa gbé e sùn. Ẹ̀yin tọ́ tiyín, wọ́n yè. Èmi ò mọ ọmọ tọ́jú."

Ọwọ́ Fáyọ̀kẹ́ kọ̀, kò gbéra. "Gbé ọmọ rẹ mọ́ra. Má gbé e fún mi. Pe ọkọ rẹ wá."

Ọyakẹ́mi, àbúrò rẹ̀ tó ti Daagbé wá wẹ ọmọ, ń pọn omi lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́. Ó ju igbá sílẹ̀, ó sáré wọlé. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́."

"Dákẹ́, Ọyakẹ́mi. Ó ti tó."

Nígbà tí Fámúyìwá wọlé, ìyá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀dì yẹn kọ́ ló pa Táyọ̀. Èmi ni. Jùmọ̀kẹ́, lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn o fún un lọ́mú, o tẹ́ ẹ sílẹ̀, o fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. O ní o fẹ́ sáré dé ibi iṣẹ́. O ní tí ó bá jí, kí n gbé e, ṣùgbọ́n tí oorun bá ń kùn mí, kí n dá a padà sáyè rẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Ìdí epo ni mo ti wà láti ìdájí, gbogbo ara ló ń ro mí. Ọmọ wá ń sunkún, mo bá gbé e..." Ó mi orí. "Rárá. Irọ́ ni mo tún ń pa yẹn, pẹ̀lú ibi tí mo dé yìí. Ọmọ kò sunkún. Ó ń sùn ni, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fi ẹnu mu ọmú nínú oorun. Mo dúró tì í, mo ní, ẹ wo ọmọ ọmọ mi nínú ọgbà bí ewúrẹ́. Mo fẹ́ kí o dé bá a lára mi, kí o rí i pé nǹkan kan ò ṣe é, kí ojú tì ọ́. Ìdí tí mo fi gbé e nìyẹn, kò sí òmíràn. Mo sùn sórí àga gbọọrọ inú pálọ̀, mo gbé e lé àyà. Nígbà tí mo lajú, kò sí lórí àyà mi mọ́. Ó ti yọ̀ sáàárín èmi àti ẹ̀yìn àga, imú rẹ̀ wọ inú ara mi. Mo gbé e, ọrùn rẹ̀ ò dúró. Mo pè é. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Mo gbọ̀n ọ́n, mo gbọ̀n ọ́n."

Fámúyìwá ní, "Màámi..."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mi ò ké. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyẹn. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé wọn á ní èmi ni. Mo bá gbé e padà sínú bẹ́ẹ̀dì, mo dojú rẹ̀ dé, mo fi aṣọ bò ó. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo ń bó ẹ̀gẹ́. Jùmọ̀kẹ́, o dé, o kí mi. O ní, 'Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kò tíì jí?' Mo ní, 'Kò tíì jí.' Mo sì ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Nígbà tí o figbe ta, èmi ni mo kọ́kọ́ sáré dé. Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo pé, 'Bẹ́ẹ̀dì ti pa ọmọ fún wa o! Mo sọ fún un, kò gbọ́!' Gbogbo àwọn tó ń sọ ọ́ kiri, ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Èyí tí mo fi pa á, oorun ni. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fi pa ìwọ, ojú mi là sílẹ̀."

Ọyakẹ́mi ti ń sunkún. "Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ," ló wí. "Mo rí àpá bọ́tìnì bùbá Ẹ̀gbọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ. Mo wo Ẹ̀gbọ́n, wọ́n wò mí. Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń gbà là."

Jùmọ̀kẹ́ gbá Àyọ̀kẹ́ mọ́ra, ó ń wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ní, "Nígbà tí ó wà lábẹ́ yín, ṣé ó sunkún?"

"Mi ò gbọ́."

"Èmi rò pé èmi ni mo dojú rẹ̀ dé." Ohùn rẹ̀ kéré. "Bí mo ṣe bá a nìyẹn, mo sì mọ̀ pé mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Mo wá ní bóyá mo gbàgbé. Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá, tí mo bá dá wà nínú yàrá, mo máa ń ká aṣọ bí ọmọ, mo ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo ń wo ọwọ́ mi bóyá ó máa ṣì í ṣe."

Fámúyìwá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó rẹ̀, níṣojú ìyá tó bí i. Nígbà tí ó dìde, ó ní kí ìyá òun palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kí ó tẹ̀lé Ọyakẹ́mi lọ sí Daagbé.

Jùmọ̀kẹ́ ní, "Bon, ó dáa, wọ́n á lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ bá mi dé ìta. Ìta ni wọ́n ti bà mí jẹ́."

Fáyọ̀kẹ́ tẹ̀lé e. Ó sọ ọ́ fún Moubarak nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ayùn sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn fún àwọn ọ̀dọ́ abiyamọ tó gbé ọmọ wá wọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn tó jókòó tì í dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sórí bẹ́ńṣì mìíràn. Fáyọ̀kẹ́ rí i. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ orí dẹ́rù bà yín. Tí ẹ bá ti tẹ́ ọmọ síbi tó dáa, tí ìyá bí èmi ní òun á gbé e sùn, ẹ ní kò ṣeé ṣe. Kí ó bínú. Ìbínú á tán."

Daagbé ló ń gbé láti ọjọ́ náà. Ó gbọ́ pé Jùmọ̀kẹ́ ti ra bẹ́ẹ̀dì mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ló lọ yàn án, Fámúyìwá ló gbé e wálé. Nígbà tí òjò tún dé, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Jùmọ̀kẹ́ wá sí Daagbé, ó pọn Àyọ̀kẹ́. Kò sọ ọmọ kalẹ̀. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, Fáyọ̀kẹ́ sì ń wo orí kékeré tó yọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó ti dàgbà," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Tí ó bá gbọ́n, ẹ sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ẹ má fi pa mọ́ fún un nítorí mi."

"Màá sọ fún un."

Obìnrin àgbà náà kúnlẹ̀. "Jùmọ̀kẹ́, dárí jì mí."

Jùmọ̀kẹ́ gbá a mú lápá, ó fà á dìde, ó sì gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ìró rẹ̀. "Mò ń gbìyànjú, Ìyá. Lọ́jọ́ mìíràn tí mo bá jí, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ti dárí jì yín." Ó tún ọ̀já ọmọ dì. "Ti òní kò rí bẹ́ẹ̀."

Ó dágbére fún un, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà.