Fùláwà Orí Ìrọ̀rí Ruqoyah

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì yìí ti ń gún mi láyà. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ kó tó pa mí. Kì í ṣe iṣẹ́ ló fẹ́ẹ̀ pa Ruqoyah. Èmi Ìníolúwa ni.

Yàrá kan náà là ń gbé ní Joju, ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan náà la ti ń ṣiṣẹ́ ní Sàngó. Èmi wà níbi tí wọ́n ti ń po fùláwà. Òun ń di bisikíìtì sínú páálí, nítorí ikọ́ àsímà rẹ̀ kò fẹ́ rí fùláwà sójú. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: "Ìní, jọ̀ọ́, aṣọ iṣẹ́ rẹ, ìta ni kó máa sùn." Ìta náà ló ń sùn, títí Fàlílù fi dé. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé páálí nílé iṣẹ́ wa. Ẹ̀rín rẹ̀ nìkan, ẹ̀yin obìnrin! Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, mo sì sọ fún Ruqoyah pé ọkàn mi ti lọ. Ṣùgbọ́n àpò Ruqoyah ló ń bá a gbé. Nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo ti kà, ọkùnrin tó bá ti ń gbé àpò obìnrin, ó ti tán. Mo bi Ruqoyah, ó bú sẹ́rìn-ín: "Àpò lásán? Gbà á, kó o fi ṣe ọkọ!" Ẹ̀rín yẹn ta mí bí ata.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ wẹ̀. Mo gbé aṣọ iṣẹ́ mi wọlé, mo gbọ̀n ọ́n sórí ìrọ̀rí rẹ̀, mo fọwọ́ pa á kó má hàn. Mo ní kó kàn wúkọ́ díẹ̀ ni. Irọ́ ni, mo fẹ́ kó jìyà. Ó sùn lé e, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ó fín oògùn rẹ̀ sẹ́nu, ara rọ̀ ọ́. Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àìsàn náà tún dé, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ètè rẹ̀ dúdú bí aró. Mo pe Fàlílù, ó sáré dé, ó gbé e mọ́ àyà dé orí ọ̀kadà. Ẹ gbọ́ ìwà mi: àyà tó gbé e mọ́ yẹn ni mo ń wò!

Nílé ìwòsàn, dókítà sọ fún Ruqoyah pé, "Ara ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Tìrẹ ti ka fùláwà sí ọ̀tá. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà èémí ló kọ́kọ́ ń figbe ta. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, àwọn tí wọ́n ké sí á ya dé, ọ̀nà èémí á wú. Ogun kejì yẹn ló burú." Ó kọjú sí mi: "Ṣé fùláwà wà nínú yàrá yín?"

"Rárá, mà. Kì í wọlé rárá."

Irọ́ yẹn burú ju aṣọ tí mo gbọ̀n lọ. Òun ni dókítà gbára lé tó fi ní eruku ilé iṣẹ́ ni, kí Ruqoyah fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó di ẹrù, ó fẹ́ padà sílé wọn ní Ìkirè. Àpò rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Fàlílù lẹ́nu ọ̀nà kí n tó kúnlẹ̀ jẹ́wọ́. Mo ní, "Owú mi ló ṣe bí ọmọ ogun ara rẹ. Ó rí ọ̀rẹ́, ó pè é lọ́tàá."

Ruqoyah dáhùn: "Àwọn yẹn ò mọ ohun tí fùláwà jẹ́. Ìwọ mọ̀ mí."

Ó gba àpò rẹ̀, ó gbé e padà wọlé. Tèmi ló gbé síta.

Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọmọge ẹgbẹ́ mi, bí owú bá ń pariwo pé ọ̀tá ti wọlé, ẹ kọ́kọ́ wo ojú onítọ̀hún dáadáa. Àpò mi wúwo lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó bá mi gbé e.